Ìkọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Ẹgbẹ́ Tó Ń Jà fún Ẹ̀tọ́ Aṣíkiri ní Amẹ́ríkà

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aṣíkiri pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn sì wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn akọ́ṣẹ́ wọ̀nyí ló máa ń dáhùn tẹlifóònù, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń bá ènìyàn kún fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń tú ìwé sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé àwọn ará àdúgbò lọ bá àwọn aṣòfin. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ń wá ní ìsinmi ìgbà ooru, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn mìíràn ń wá lọ́jọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń pè ní IT yóò tètè lóye bí ètò náà ṣe rí. Ohun tó mú kó wúwo ju ọ̀pọ̀ IT lọ ni pé bí akọ́ṣẹ́ bá ṣi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ sínú fọ́ọ̀mù, odindi ìdílé lè forí fá a.

Ọdún 1986 ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin kan tó fàyè gba àwọn tí wọ́n ti ń gbé Amẹ́ríkà láìníwèé láti ṣáájú ọdún 1982, àti àwọn òṣìṣẹ́ oko kan, láti gba ìwé ìgbélùú. Òfin kan náà ló fi ìjìyà lélẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹni tí kò níwèé síṣẹ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 ènìyàn ló rí ìwé gbà nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò wá bá ẹnikẹ́ni nílé. Olúkúlùkù ní láti fi ẹ̀rí hàn pé òun ti wà nílùú láti ọdún tí òfin sọ, pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé, lẹ́tà agbanisíṣẹ́, ìwé ọmọ níléèwé. Inú ìlàkàkà yẹn ni ẹgbẹ́ CHIRLA ti jáde ní Los Angeles lọ́dún 1986, tí ẹgbẹ́ ICIRR jáde ní Illinois lọ́dún kan náà, tí New York Immigration Coalition sì tẹ̀lé wọn ní 1987. Àwọn tó ń gbèjà àwọn aláwọ̀ dúdú ní pàtó dé lẹ́yìn wọn: Black Alliance for Just Immigration ní 2006, African Communities Together ní New York ní 2013. Láàárín ìgbà méjèèjì, òfin ti le sí i. Òfin tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní 1996 sọ pé ẹni tó bá gbé ìlú láìníwèé fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ, tó sì jáde, kò ní lè padà wọlé fún ọdún mẹ́ta. Bó bá ti pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọdún mẹ́wàá. Òfin náà ló tún gbé e kalẹ̀ pé ẹni tó bá ń wá ibi ìsádi gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè láàárín ọdún kan tó dé.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn ẹgbẹ́ yìí kò fi ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ aṣíkiri ní Amẹ́ríkà kò sí lára àwọn kóòtù tó dá dúró gedegbe. Abẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, tó jẹ́ apá ìjọba aláṣẹ, ló wà. Ẹjọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, nítorí náà kò di dandan fún ìjọba láti wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílùú. Òfin gbà kí onítọ̀hún ní agbẹjọ́rò, bó bá lè san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó, ì báà jẹ́ ọmọdé, lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́ ní òun nìkan, kí agbẹjọ́rò ìjọba sì wà lódìkejì. Ìlú New York gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn ní 2013, nígbà tí ó dá ètò kan sílẹ̀ tó ń fi owó ìlú san agbẹjọ́rò fún àwọn aṣíkiri tó wà ní àtìmọ́lé. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn ìlú mìíràn sì ti fi ṣe àwòkọ́ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà tí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń sá lọ, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sì sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀ ni akọ́ṣẹ́.

Bí ènìyàn ṣe ń di akọ́ṣẹ́ kò díjú. Ẹgbẹ́ yóò béèrè lẹ́tà tó sọ ìdí tí ẹni náà fi fẹ́ wá, ìwé tó to ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àti orúkọ àwọn tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Èdè ni wọ́n máa ń wò jù. Èdè Spanish ló gba iwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ fún àwọn ará Áfíríkà àti Káríbíánì tún ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé, Kíríólù ti Háítì, Wolof, Yorùbá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè pẹ̀lú fíìsà ilé-ẹ̀kọ́ ní láti ṣọ́ra: kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kódà bí kò bá sí owó nínú rẹ̀, kó lọ bi ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní yunifásítì rẹ̀. Bí ìkọ́ṣẹ́ náà bá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n lè fún un ní àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CPT, tí wọn yóò kọ sára ìwé I-20 tí yunifásítì rẹ̀ fún un. Yóò burú púpọ̀ kí ẹni tó fẹ́ gbèjà aṣíkiri sọ ìwé tirẹ̀ nù níbẹ̀. Àwọn akọ́ṣẹ́ mìíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n, àwọn tí wọ́n gbé wá ní kékeré, tí ètò DACA tí Ààrẹ Barack Obama kéde ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2012 sì fún ní àṣẹ iṣẹ́ ọlọ́dún méjì-méjì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi tó akọ́ṣẹ́ létí ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Akọ́ṣẹ́ kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ó lè sọ fún ènìyàn pé fọ́ọ̀mù báyìí ni wọ́n fi ń béèrè báyìí, kò lè sọ fún un pé, «Èyí ni kí ẹ béèrè fún.» Agbẹjọ́rò ló ni ìmọ̀ràn yẹn, tàbí aṣojú tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ fọwọ́ sí láti máa ṣojú aṣíkiri lábẹ́ ẹgbẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún èrè. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè bá ènìyàn dúró ní kóòtù aṣíkiri, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda adájọ́. Òfin yìí kì í ṣe àṣerégèé. Àwọn oníjìbìtì pọ̀ ní àdúgbò àwọn aṣíkiri, àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn pé àwọn yóò bá a ṣe ìwé, tí wọn yóò sì fi irọ́ kún fọ́ọ̀mù lórúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ gba ọwọ́ irú wọn kọjá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹgbẹ́ JCWI ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 1967, òfin 1999 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Akọ́ṣẹ́ tó bá lọ síbẹ̀ láti Amẹ́ríkà yóò rí i pé ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ nílẹ̀kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìkejì ni àṣírí. Orúkọ, nọ́ńbà, àdírẹ́sì, ìtàn ìgbà tí ènìyàn wọlé àti ọ̀nà tó gbà wọlé, kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ọ́fíìsì. Fún akọ́ṣẹ́ tó jẹ́ Yorùbá, èyí ní ìṣòro tirẹ̀. Ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, àwọn Yorùbá mọ ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lóde ìnáwó. Ẹni tó wá sọ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday lè jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú ìyá akọ́ṣẹ́ ní Saturday. Akọ́ṣẹ́ yóò kí i bí ọmọ ṣe ń kí àgbà, yóò sì ṣe bí ẹni tí kò rí i rí ní ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ tímọ́tímọ́ ni, kó tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n gbé fáìlì náà fún ẹlòmíràn.

Gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò ni iṣẹ́ tó gba àkókò jù, òun náà ló sì fi hàn bóyá akọ́ṣẹ́ mọ iṣẹ́. Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é fò: ìgbà wo lẹ wọlé, irú fíìsà wo lẹ fi wọlé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti jáde, ǹjẹ́ ọlọ́pàá ti mú yín rí, ǹjẹ́ ẹ ti fara hàn níwájú adájọ́ aṣíkiri rí, ta ni ọkọ tàbí aya yín, àwọn ọmọ yín ńkọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo lè yí ohun gbogbo padà. Ẹni tó rò pé àkókò fíìsà òun kàn kọjá ni lè jẹ́ ẹni tí kóòtù ti dá ẹjọ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀ pé kó máa lọ, nítorí pé àdírẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí. Akọ́ṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò béèrè nọ́ńbà fáìlì ẹni náà lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ètò tí kóòtù ń lò kó tó sọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wọ ibẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ló ń bi ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Àgbà Yorùbá kì í sọ gbogbo ohun tojú rẹ̀ rí fún ọmọ tó lè bí, pàápàá bó bá jẹ́ ohun tó kan ara rẹ̀. Màmá lè sọ pé, «Wọ́n ṣe ohun tí kò dára sí mi,» kó sì dákẹ́. Akọ́ṣẹ́ tí kò ní sùúrù yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n nà án, yóò sì kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹjọ́ náà lè wà. Ohun tó tọ́ ni kó kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe jáde, kó má fi tirẹ̀ kún un, kó sì sọ fún agbẹjọ́rò pé ó dà bíi pé ohun kan ṣì kù, bóyá obìnrin àgbà ló yẹ kó bá màmá sọ ọ́ nínú yàrá mìíràn. Bákan náà ni ìṣe ògbufọ̀: ohun tí ẹni náà sọ ni kó sọ, ní «èmi» gẹ́gẹ́ bí ẹni náà ṣe sọ ọ́, láìgé e kúrú, láìtún un ṣe kó lè dùn létí adájọ́.

Ẹni tó ń wá ibi ìsádi máa ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúra, a sì máa so ó mọ́ fọ́ọ̀mù I-589. Akọ́ṣẹ́ lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ìtàn ènìyàn kan. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe, wọn yóò tò ó dé ọjọ́ tó sá kúrò, wọn yóò padà sẹ́yìn nígbà tí ọjọ́ kò bá bá ara mu. Ìrántí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo kì í sábà tẹ̀lé kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ìjọba tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lè ka ọjọ́ tí kò bára mu sí irọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni akọ́ṣẹ́ yóò wá ẹ̀rí nípa ìlú tí ẹni náà ti wá: ìròyìn ọdọọdún Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìwé àwọn àjọ bíi Amnesty International àti Human Rights Watch, ìròyìn inú ìwé ìròyìn ìlú náà. Kò gbọdọ̀ fi ohun tó lòdì sí ìtàn náà pamọ́ fún agbẹjọ́rò, nítorí agbẹjọ́rò ìjọba yóò rí i.

Ìwé tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tó jinlẹ̀. Òfin sọ pé ìwé tí a kò kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ lódindi, kí ẹni tó tú u sì fọwọ́ sí i pé ìtumọ̀ náà pé, pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, àti pé òun kún ojú òṣùwọ̀n láti tú u. Ọ̀pọ̀ ìwé láti Nàìjíríà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ibòmíràn ni ìṣòro ti ń yọjú. Ọ̀pọ̀ àgbà ni wọ́n bí nílé tàbí lábà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́-ìbí wọn sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní ni áfídáfíìtì ọjọ́-orí láti kóòtù, tàbí ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Orúkọ lè yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì: orúkọ bàbá nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ ọkọ nínú páásì, orúkọ mùsùlùmí nínú ìwé ilé ìwòsàn. Akọ́ṣẹ́ ni yóò to gbogbo rẹ̀ jọ, tí yóò bá ẹni náà kọ àlàyé tó so wọ́n pọ̀.

Ìgbéyàwó le ju ìyẹn lọ. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó bá òfin ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é mu ṣe é tẹ́wọ́ gbà, bí ẹ̀rí rẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n òfin aṣíkiri Amẹ́ríkà kò mọ ìyàwó kejì ní ìyàwó. Ọkùnrin tó fẹ́ mú ìyàwó tó gbé lé ti àkọ́kọ́ wọlé kò lè rí i ṣe lọ́nà yìí, ẹni tó bá sì sọ pé òun ń bọ̀ wá máa ṣe olórogún nílùú náà lè pàdánù fíìsà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yàtọ̀ sí ti ìyàwó, agbẹjọ́rò ló gbọ́dọ̀ yanjú rẹ̀. Akọ́ṣẹ́ tó jẹ́ Yorùbá mọ bí ilé olórogún ṣe rí, ó sì lè wù ú láti dáàbò bo ẹni náà nípa gbígbójú fo ìbéèrè kan. Kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Irọ́ inú fọ́ọ̀mù ìjọba lè lépa ènìyàn dé ọjọ́ tó ń búra láti di ọmọ Amẹ́ríkà, kó sì ká a mọ́ kódà lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn kan nínú wọn ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran, kó ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn àjèjì, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó wà láyé nígbà náà mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ènìyàn ní ilé, ọjà àti ọmọ níléèwé, kí ó má ní bébà kan.

Apá mìíràn nínú iṣẹ́ náà wà níta. Akọ́ṣẹ́ máa ń tẹ̀lé àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú láti kọ́ ènìyàn ní ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ń ṣàlàyé pé ẹni tí aṣojú ìjọba bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n fi ìwé àṣẹ tí adájọ́ kóòtù fọwọ́ sí hàn òun kó tó ṣílẹ̀kùn, àti pé ìwé tí òṣìṣẹ́ àjọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ń sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, pé kó má sì purọ́. Àjọ Immigrant Legal Resource Center, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ṣe káàdì pupa kékeré tí a kọ àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí sí, àwọn akọ́ṣẹ́ sì ń pín in kiri. Wọ́n tún ń fi àwọn òbí lọ́kàn balẹ̀ pé láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá ẹjọ́ Plyler ní 1982, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè lé ọmọ padà nítorí pé kò níwèé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà tó ti ń dín ìmúni kù ní ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti di kánjúkánjú.

Àwọn Yorùbá tún ní ìbéèrè tiwọn tí akọ́ṣẹ́ yóò máa gbọ́: ti fíìsà lọ́tìrì. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Láti ètò ọdún 2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wọlé láti ọ̀nà mìíràn ti ju iye tí òfin gbà fún orílẹ̀-èdè kan lọ. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà pé òun yóò bá a ta lọ́tìrì náà, olè ni, àyàfi bí ọmọ Nàìjíríà náà bá ní ọ̀nà nípasẹ̀ orílẹ̀-èdè ọkọ, aya tàbí òbí rẹ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Ní ti òfin ṣíṣe, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí pé kò ṣiṣẹ́ fún èrè lè bá aṣòfin sọ̀rọ̀ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ polongo ìbò fún olùdíje kankan. Akọ́ṣẹ́ máa ń ṣe ìwádìí, a máa tẹ àwọn aṣòfin láago, a sì máa kó ará ìlú sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Albany tàbí Springfield, níbi tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ń jókòó. Irú ìforítì bẹ́ẹ̀ ló bí òfin tí ìpínlẹ̀ New York ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2019, tó fún àwọn tí kò níwèé láàyè láti gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà fún un. Akọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè má rí òpin ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Kùdìẹ̀-kudiẹ tó tóbi jù nínú ètò yìí ni owó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò san ohunkóhun fún akọ́ṣẹ́, tàbí kí wọ́n fún un ní owó ọkọ̀ lásán. Àwọn yunifásítì kan ń fi owó ìrànwọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn, kò sì kárí. Ọmọ olówó lè lo ìgbà ooru láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ aṣíkiri tó ń ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ láti san owó ilé kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ òun ló gbọ́ èdè, òun ló mọ bí ìbẹ̀rù yẹn ṣe ń rí nínú ilé. Ẹgbẹ́ tó ń jà kí òṣìṣẹ́ aṣíkiri gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ kó máa fi òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe ìjà náà. Kí wọ́n fi owó akọ́ṣẹ́ sínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́.

Ìnira ọkàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ìfìyàjẹni láràárọ̀ lè máà rí oorun sùn. Àwọn ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kí akọ́ṣẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn kan ru gbogbo fáìlì tó wúwo. Àwọn kan lára akọ́ṣẹ́ ń padà di agbẹjọ́rò aṣíkiri, àwọn mìíràn di aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí, òṣìṣẹ́ àwùjọ tàbí oníròyìn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní yunifásítì Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá tó jókòó sí àtìmọ́lé tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, orí tẹlifóònù ni wọ́n sábà ń wá ògbufọ̀ fún un, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ kí ọdún tuntun tó wọlé, kí ó kọ ọ́ gbangba sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ pé òun gbọ́ Yorùbá, kí ó sì sọ bóyá òun lè kà á kí òun sì kọ ọ́.